Òfin Ẹ̀jẹ́ nínú Ìpín Mátótì, àti Ẹ̀jẹ́ Jíjẹ́ ní Agbègbè Ìbà àti Ọ̀jọ́

Mátótì ni orúkọ tí àwọn Júù ń pe ìpín Tórà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 30 ìwé Númérì tí ó sì parí sí òpin orí 32. Tórà ni ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ nínú Bíbélì, tí wọ́n gbà pé ọwọ́ Mósè ni ó ti wá. Wọ́n pín in sí ọ̀nà 54 kí wọ́n lè kà á tán láàárín ọdún kan nínú sínágọ́gù, ìpín kan ní ọjọ́ ìsinmi kan, tàbí ìpín méjì pọ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ inú ọdún kò bá tó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa ń ka Mátótì pọ̀ mọ́ Másè, ìpín tí ó tẹ̀lé e, ó sì máa ń bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn Júù fi ń ṣọ̀fọ̀ Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù tí ó wó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ ni ó ṣí ìpín yìí, ogun tí Ísírẹ́lì bá Mídíánì jà ni ó tẹ̀lé e, àdéhùn tí àwọn ẹ̀yà Réúbẹ́nì àti Gádì bá Mósè ṣe ni ó sì pa á dé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà kan àwọn ará Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Òkókómáìkò ní ìpínlẹ̀ Èkó gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ní ilẹ̀ Àwórì yìí, tí ọjà Alábà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, àti òpópónà tó lọ sí Àgbádárìgì ti kó onírúurú ènìyàn jọ, kò sí ẹ̀sìn kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Ẹ̀jẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú Ọlọ́run láti fi so ara rẹ̀ mọ́ ohun tí òfin kò tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn amòfin Júù ya ẹ̀jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìbúra: ẹ̀jẹ́ ni ó ń sọ ohun kan di èèwọ̀ fún ẹni tó jẹ́ ẹ, ìbúra ni ó sì ń de ẹni náà fúnra rẹ̀ pé kí ó ṣe nǹkan tàbí kí ó má ṣe é. Ìwé Númérì pàṣẹ pé ọkùnrin tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tàbí tó bá búra kò gbọdọ̀ ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́, gbogbo ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni kí ó ṣe. Ẹsẹ kan péré ni èyí gbà. Ẹ̀jẹ́ obìnrin ni ó gba ìyókù orí náà. Bí ọmọbìnrin tó ṣì wà nílé baba rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí baba rẹ̀ gbọ́, tí kò sọ nǹkan kan, ẹ̀jẹ́ náà dúró; bí baba bá kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tó gbọ́, ó ti di òfo, Olúwa yóò sì dárí ji ọmọ náà. Bákan náà ni ọkọ lè ṣe sí ẹ̀jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ opó àti ti obìnrin tí ọkọ ti kọ̀ sílẹ̀ dúró láìsí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé òde òní rí òfin yìí gẹ́gẹ́ bí àṣẹ ọkùnrin lórí obìnrin, òótọ́ sì ni pé ilé tí baba jẹ́ olórí rẹ̀ pátápátá ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ó fi okùn de ọkùnrin pẹ̀lú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fún un láti sọ̀rọ̀. Bí ó bá dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ ti di ìfọwọ́sí. Bí ó bá sì dákẹ́ tán tí ó padà wá sọ ẹ̀jẹ́ náà di asán, òun ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìyàwó. Míṣínà, ìwé àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu tí àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, parí ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, tún dín agbára ọkọ kù sí i nínú ìwé Nédárímù tó ní orí mọ́kànlá: ẹ̀jẹ́ tí obìnrin fi ń fìyà jẹ ara rẹ̀, àti èyí tó kan ohun tó wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, nìkan ni ọkọ lè fagi lé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú. Ohun tí òfin yìí ń ṣọ́ jù ni pé kí ìyà ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan má baà bọ́ sórí ẹlòmíràn tí kò bá a sọ ọ́.

Ìdí yìí náà ni ó mú kí àwọn rábì wá ọ̀nà láti tú ẹ̀jẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ti di ìdẹkùn fún un lè lọ bá ọ̀mọ̀wé Tórà kan, tàbí ènìyàn mẹ́ta tó jókòó bí ilé ẹjọ́, wọn yóò sì bi í bóyá, ká ní ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò dá sílẹ̀, yóò tún jẹ́ ẹ. Bí ó bá ní rárá, tí ó sì kábàámọ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀. Nédárímù sọ pé Rábì Élíésérì gbà kí wọ́n lo ọlá baba àti ìyá ẹni gẹ́gẹ́ bí ìdí ìtúsílẹ̀ náà. Ohun tó wúni lórí ni pé àwọn rábì kò fi pamọ́ pé ìtúsílẹ̀ yìí kò ní ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan pàtó lábẹ́ rẹ̀: ìwé Hágígà nínú Míṣínà sọ gbangba pé inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fò. Kólì Nídírè, ìkéde ìtú ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ń kà ní ìrọ̀lẹ́ tí Ọjọ́ Ètùtù bẹ̀rẹ̀, wà lára àṣà yìí, àmọ́ ẹ̀jẹ́ tó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run nìkan ni ó kàn. Kò pa gbèsè tí a jẹ ọmọnìkejì rẹ́.

Ewu tí òfin náà ń lé kò fara sin nínú ìtàn Jẹ́fútà, onídàájọ́ Ísírẹ́lì tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fi àwọn ará Ámónì lé òun lọ́wọ́, ohun tó bá kọ́kọ́ jáde láti ilé wá pàdé òun ni òun yóò fi rúbọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó jáde pẹ̀lú ìlù àti ijó. Àwọn rábì ìgbàanì dá Jẹ́fútà lẹ́bi, nítorí pé ó lè lọ bá Fínéhásì àlùfáà kí ó tú ẹ̀jẹ́ náà. Wọ́n ní Jẹ́fútà ń wí pé òun olórí ogun kì í lọ bá àlùfáà, Fínéhásì náà ń wí pé òun olórí àlùfáà kì í lọ bá òpè, àárín àwọn méjèèjì ni ọmọ náà ṣègbé sí. Ìtàn tó sún mọ́ èyí wà ní Ilé-Ifẹ̀. Mọremí jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn pé òun yóò san ohunkóhun tó bá béèrè bí òun bá rí àṣírí àwọn tó ń kó ìlú lẹ́rú. Nígbà tó ṣẹ́gun tó gbé ẹran wá, odò kọ̀ ọ́, Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó gbà. Samuel Johnson kọ ìtàn náà sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọdún Ẹdì ní Ifẹ̀ sì ń rán ìlú létí rẹ̀ títí di òní. Ifẹ̀ bu ọlá fún Mọremí, ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn méjèèjì, ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ kọ́ ni ó fi ara rẹ̀ san án.

Láàárín àwọn tó ń ka Mátótì lónìí ni àwọn Júù tó gbà pé Jésù ni Mèsáyà, ìyẹn ẹni àmì òróró tí àwọn wòlíì ṣèlérí, tí wọ́n sì ń pa àjọ̀dún àti ọjọ́ ìsinmi Júù mọ́ lọ. Joseph Rabinowitz kó irú ìjọ bẹ́ẹ̀ jọ ní ìlú Kishinev ní àwọn ọdún 1880. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn Hébérù tó di Kristẹni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1915, yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1975 láti fi Mèsáyà sínú rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń dáhùn nípa Mátótì ni bóyá Jésù ti fòpin sí ẹ̀jẹ́, nígbà tó sọ nínú Mátíù orí 5 pé kí ènìyàn má búra rárá, kí bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Pọ́ọ̀lù, tó fá orí rẹ̀ ní Kẹnkíríà nítorí ẹ̀jẹ́, tó sì gbà láti náwó fún ìwẹ̀nùmọ́ ọkùnrin mẹ́rin tó wà lábẹ́ ẹ̀jẹ́ ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì parí rẹ̀ pé ìbúra tí ènìyàn fi ń wá ọ̀nà láti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Jésù bá wí. Èyí kejì ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, pàápàá bí a bá fi Máàkù orí 7 kún un, níbi tí Jésù ti bá àwọn tó ń pe owó wọn ní Kọ́bánì wí, ìyẹn ohun tí a ti fi fún Ọlọ́run, kí wọ́n má baà fi tọ́jú baba àti ìyá wọn. Níbẹ̀, Jésù àti Rábì Élíésérì ń lọ sí ibì kan náà.

Àwọn olùkọ́ kan lára wọn tún rí àwòrán Mèsáyà nínú ọkọ tó ru ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Àfiwé náà ń tu ọkàn nínú, àmọ́ kò yẹ kí a nà án kọjá ibi tó dé, nítorí pé ọkọ inú Númérì ru ẹ̀ṣẹ̀ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní agbègbè Ìbà àti Ọ̀jọ́, àwọn ìjọ Aládùúrà ni ẹ̀jẹ́ ti ń hàn jù. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, àti Kérúbù àti Séráfù, tí Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925, jẹ́ ìjọ tí ẹni tó ń wá ọmọ, iṣẹ́, ìwé àṣẹ ìrìnnà tàbí ìwọlé sí yunifásítì lè dúró níwájú pẹpẹ, kí ó sọ ohun tí yóò ṣe bí Ọlọ́run bá gbọ́, kí ó sì padà wá san án pẹ̀lú ẹ̀rí àti ìdúpẹ́. Àkókò ìkórè ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ́ owó máa ń tẹnu jáde, níwájú ìjọ, níbi tí ìlù àti orin ti ń gbé ọkàn sókè. Ibẹ̀ gan-an ni òfin Mátótì ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Deuteronómì orí 23 kìlọ̀ pé kí a má ṣe pẹ́ láti san ẹ̀jẹ́, ó sì fi kún un pé ẹni tí kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ rárá kò dẹ́ṣẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ, ìdajì kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé etí ìjọ. Ẹni tó fi owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó ọjà aya rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ láìbi wọ́n ti kúrò nínú ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí wòlíì tàbí olùṣọ́ àgùntàn tó gbọ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé dídákẹ́ òun náà ní ẹrù tirẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí agbègbè náà ní ìlànà tó yanjú lórí èyí. Kùránì, nínú orí 5 ẹsẹ 89, gbé ìtánràn kalẹ̀ fún ẹni tó bá da ìbúra: kí ó bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí ó wọ̀ wọ́n láṣọ, tàbí kí ó dá ẹrú sílẹ̀, bí kò bá sì ní agbára rẹ̀, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àwọn àfáà sì ń lo ìtánràn yìí kan náà fún ẹ̀jẹ́ tí kò ṣeé san. Ohun tí ilé ẹjọ́ rábì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, ìtánràn yìí fi oúnjẹ tálákà ṣe é. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní tiwọn ń fi irin búra lórúkọ Ògún ní kóòtù ìbílẹ̀.

Apá mìíràn wà nínú Mátótì tó jọ àṣà ìjọ Mímọ́. Lẹ́yìn ogun Mídíánì, tí ìpànìyàn inú rẹ̀ ṣì ń ni ọkàn àwọn tó ń kà á lára, Élíásárì àlùfáà pàṣẹ pé kí ohun èlò wúrà, fàdákà, idẹ, irin, tánganran àti òjé kọjá nínú iná, Mósè sì ti ní kí àwọn jagunjagun dúró lẹ́yìn ibùdó fún ọjọ́ méje, kí wọ́n tó fọ aṣọ wọn tí wọ́n á sì wọlé. Láti ibẹ̀ ni òfin Júù nípa fífi iná àti omi sọ ìkòkò di mímọ́ ti wá. Ìjọ Mímọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, aṣọ ìsìn wọn, tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn obìnrin rẹ̀ kì í sì wọ inú ilé ìsìn ní ọjọ́ méje nǹkan oṣù wọn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìjọ Áfíríkà tó mú òfin ìwẹ̀nùmọ́ inú Tórà lò ní tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ Júù kankan.

Orí 32 ni ẹ̀jẹ́ ti di àdéhùn láàárín ènìyàn. Réúbẹ́nì àti Gádì fẹ́ ilẹ̀ ìlà-oòrùn Jọ́dánì nítorí ẹran ọ̀sìn wọn. Mósè gbà, bí wọ́n bá ṣáájú àwọn arákùnrin wọn lọ sógun. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́ agbo fún ẹran àti ìlú fún ọmọ. Mósè yí ètò náà padà, ó fi ìlú àwọn ọmọ ṣáájú agbo ẹran, Ráṣì alálàyé Tórà sì tọ́ka sí i pé ìbáwí wà nínú rẹ̀. Mósè tún sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àdéhùn náà: ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá ṣe é. Láti inú èyí ni Rábì Méírì ti yọ òfin pé àdéhùn tí a kò sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ kò tíì di àdéhùn. Ní Ìbà, níbi tí ìjà ọmọ onílẹ̀ àti olùrà ilẹ̀ ti wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin lòdì sí ajagungbalẹ̀ ní 2016, àìsọ ẹ̀gbẹ́ kejì yìí wà lára ohun tó ń dá ẹjọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀yà méjèèjì pa àdéhùn tiwọn mọ́: ìwé Jóṣúà orí 22 sọ bí Jóṣúà ṣe yọ̀ǹda wọn, pẹ̀lú ìdajì ẹ̀yà Mánásè, kí wọ́n padà sílé. Nígbà tí wọ́n kọ́ pẹpẹ ńlá kan sẹ́bàá Jọ́dánì, tí Ísírẹ́lì fura tó sì ń múra ogun, Fínéhásì yìí kan náà ni wọ́n rán lọ, lọ́tẹ̀ yìí ó rin ìrìn náà, ó gbọ́ àlàyé wọn pé pẹpẹ ẹ̀rí ni, kì í ṣe ti ẹbọ, ogun náà kò sì jà mọ́.