Ọwọ́ Google Kọ́ Ni Ìtumọ̀ Ti Kọ́kọ́ Wọ Inú Àká Dátà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé oṣù Karùn-ún ọdún 2012, nígbà tí Google gbé àká ìmọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Knowledge Graph jáde, ni ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìlú yàtọ̀ sí èèyàn. Wọ́n ní ìgbà náà ló tó ṣeé ṣe láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àká dátà láìmọ bí wọ́n ṣe tò ó.

Ìtàn yìí kò tọ̀nà. Ọgbọ́n náà ti fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú Knowledge Graph, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi wá a, kó wo Adja-Ouèrè.

Ní ẹ̀ka Plateau, ní ìlà-oòrùn Bẹ̀nẹ̀, orúkọ yìí ń jẹ́ ohun méjì. Commune (ìjọba ìbílẹ̀) kan ń jẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tó wà lábẹ́ commune náà tún ń jẹ́ ẹ; àwọn yòókù ni Ikpinlè, Kpoulou, Massè, Oko-Akarè àti Tatonnonkon. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1992, abẹ́ ẹ̀ka Ouémé ni wọ́n ka gbogbo wọn sí, torí òfin oṣù Kìíní ọdún 1999, tó sọ ẹ̀ka mẹ́fà di méjìlá, ló yọ Plateau kúrò lára Ouémé. Ẹni tó bá wá gbé iye èèyàn Ouémé ti 1992 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2013 yóò rò pé àwọn ará ibẹ̀ kò pọ̀ sí i tó bó ṣe yẹ. Iye méjèèjì tọ̀nà, àmọ́ Ouémé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Irú ìyàtọ̀ yìí ni àká dátà alátẹ kò mọ̀. Edgar Codd ti IBM ló gbé ètò àtẹ kalẹ̀ ní 1970: ìlà àti òpó ni ohun gbogbo. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ṣe SEQUEL, èyí tó di SQL òde òní. Oníbéèrè kò ní láti júwe ọ̀nà tí ẹ̀rọ máa tọ̀ mọ́, ohun tó ń wá nìkan ni yóò sọ. Ìtẹ̀síwájú ńlá gbáà ni. Síbẹ̀, lójú àtẹ, lẹ́tà lásán ni «Adja-Ouèrè». Oníbéèrè ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ so àtẹ kan mọ́ òmíràn, bó bá sì so ó gbòdì, èsì tí kò tọ́ á jáde láìsí ìkìlọ̀.

Ilẹ̀ Faransé wà lára ibi tí ìdáhùn sí ìṣòro yìí ti kọ́kọ́ jáde. Ní 1974 yẹn kan náà, Jean-Raymond Abrial ní Grenoble kọ iṣẹ́ tó pè ní Data Semantics. Peter Chen gbé àwòṣe tirẹ̀ jáde ní 1976: ohun tó wà, àti ohun tó so wọ́n pọ̀. Ní 1979, Codd fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ó yẹ kí àtẹ òun gba ìtumọ̀ sí i. Nígbà tó di 1981, Michael Hammer àti Dennis McLeod ṣàlàyé àwòṣe SDM, David Shipman sì ṣàlàyé èdè DAPLEX.

Inú DAPLEX ni ìtumọ̀ àti ìbéèrè ti wà nínú èdè kan ṣoṣo. Àká náà ti mọ̀ pé arrondissement ní commune, pé commune sì ní ẹ̀ka. Oníbéèrè lè ní: mú orúkọ gbogbo arrondissement tí commune wọn wà ní Plateau wá. Kò sí àtẹ tó máa so mọ́ àtẹ.

Èyí kò sọ iṣẹ́ àwọn tó tẹ̀ lé wọn di asán. RDF, ọ̀nà láti kọ dátà oníìtumọ̀, dé ní 1999, SPARQL, èdè ìbéèrè rẹ̀, gba òǹtẹ̀ W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ní 2008, Wikidata sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Wọ́n mú ọgbọ́n náà gbòòrò. Àwọn kọ́ ló bí i.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Òṣìṣẹ́ mairie (ọ́fíìsì commune) tó bá gbà pé ilé-iṣẹ́ ńlá ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀ yóò jókòó máa retí ilé-iṣẹ́ ńlá. Bẹ́ẹ̀, ìwé àti gègé tó fún ìpele àkọ́kọ́ tí Abrial àti Chen ń sọ: kí ni a ń pè ní abúlé? Ṣé ẹni tó ni ilẹ̀ náà ló ni ọ̀pẹ orí rẹ̀? Ọdún wo ni ààlà yí padà? Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Ikpinlè àti Massè ni ìdáhùn wà, àwọn ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè kí wọ́n tó náwó sórí ẹ̀rọ.