Igbó Ọ̀ṣun àti Àwọn Ọ̀dọ́ Oníṣẹ́ Ọnà Òṣogbo

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àwọn ojúbọ ń wó, àwọn àwòrò ń dín kù, èèwọ̀ tí ó ń dáàbò bo igi, ẹranko àti ẹja ibẹ̀ kò sì ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù mọ́. Ọdẹ ń dọdẹ níbẹ̀, agégi ń gégi, àwọn tí ń ta ilẹ̀ sì ti tẹjú mọ́ ọn.

Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ni ìtàn sábà máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgbàlà igbó yìí. Ìyìn náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Káfíńtà ni Bùráímọ̀ Gbádàmọ́sí kí ó tó di agbẹ́kùúta. Ìdílé agbẹ́gilére ni Kàsálì Àkàngbé ti wá. Orúkọ Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́, síbẹ̀ wọn kò torí ìyẹn kọ iṣẹ́ ojúbọ. Irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá.

Amọ̀, irin àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ojúbọ mọ, wọ́n mọ ògiri àti ẹnu-ọ̀nà tí ó kún fún àwòrán, wọ́n sì gbé ère ńláńlá kalẹ̀ láàárín igi. Àwọn ère wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ààlà ni wọ́n jẹ́ pẹ̀lú: ẹni tí ó bá gbé àáké dé ibẹ̀ yóò mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní olówó. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ ìyípadà ojú-ọjọ́ nígbà náà. Ọjọ́ iwájú tí àwọn ọ̀dọ́ náà ń fojú inú wò ni èyí tí igbó ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992, ó gba gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀ wọlé, UNESCO sì fi í kún ogún àgbáyé ní 2005. Wenger kú ní 2009.

Ní ọdún 2022, omi odò náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Àwọn tí ń wa wúrà lókè odò, níhà Ìjẹ̀ṣà, ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi. Ògiri Àkànjí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gùn dé ibẹ̀.