Ọ̀nà tí Ohùn Ń Gbà Nínú Linux

Ẹni tó bá gba orin gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ ní Massè, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó kó o sínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, lè mú ẹ̀rọ rẹ̀ dójú ìwọ̀n lálẹ́, kí ó sì jí bá a pé ó ti yadi. Spíkà kì í sábà ní ẹ̀bi. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà ló yí padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì ti tún ọ̀nà náà là láti 1992.

Ọdún yẹn ni Hannu Savolainen, ọmọ Finland, kọ ètò tó jẹ́ kí Linux lè lo káàdì ohùn Sound Blaster. Ètò náà ló di OSS. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, ètò kan ṣoṣo ló lè lo ohùn lẹ́ẹ̀kan: bí orin bá ń lọ, fídíò á dúró dè é.

Ní 1998, Jaroslav Kysela, ọmọ Czech, bẹ̀rẹ̀ ALSA, Linux 2.6 sì fi í rọ́pò OSS ní oṣù Kejìlá 2003. ALSA a máa ti ohùn káàdì tuntun pa títí ẹni tó ni ín yóò fi ṣí i. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi ń kọ́kọ́ pe alsamixer, ètò tó ń fi ìwọ̀n ohùn hàn: bí MM (ohùn ti di pípa) bá wà lábẹ́ Master, wọ́n á tẹ M kó lè di OO (ohùn ti ṣí).

PulseAudio tẹ̀ lé e, iṣẹ́ Lennart Poettering ní Jámánì. Ó pa ohùn ètò púpọ̀ pọ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí Ubuntu 8.04, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, gbà á wọlé ní oṣù Kẹrin 2008, ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ èèyàn dákẹ́, torí ó tú àṣìṣe tó ti fara pamọ́ sínú ètò káàdì síta.

Lónìí, PipeWire tí Wim Taymans kọ ló gba ipò PulseAudio nínú àwọn oríṣi Linux: Fedora 34 ní 2021, Ubuntu 22.10 ní 2022. Bí ẹ̀rọ bá kọ “Dummy Output” lẹ́yìn ìyípadà, PipeWire kò rí káàdì kankan nìyẹn. Ó lè jẹ́ fáìlì Sound Open Firmware, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká Intel nílò, ni kò sí níbẹ̀. Debian 12, oríṣi Linux míì, kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀ka non-free-firmware ní 2023. Ẹni tí kò fi ẹ̀ka náà kún àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń gba ètò kò ní rí wọn gbà.

Ìsàlẹ̀, níbi tí kernel, ọkàn Linux, ti ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ló yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ aplay -l á sọ bóyá kernel rí káàdì. Bí ó bá rí i, kí onítọ̀hún tún PipeWire àti WirePlumber, ètò tó ń darí rẹ̀, gbé dìde. Bí kò bá rí i, kí ó yan kernel àtijọ́ lójú GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde; bí ohùn bá padà, kernel tuntun ni kó fi sùn àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.