Irin Ṣóńṣó àti Fóònù
Láti Odògbolú ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1824, ọmọ Faransé kan tó fọ́jú, Louis Braille, fi àmì róbótó mẹ́fà péré ṣe ìwé tí ìka ń kà. Ọmọ ọdún 15 ni o! Ní 1962, iléèwé Pacelli bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ibẹ̀ ni Cobhams Asuquo ti kàwé. Wọ́n á fi irin ṣóńṣó gún ìwé láti ọ̀tún sí òsì, wọ́n á wá yí i padà kà.

Lónìí, fóònù ń kàwé sókè. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ò mọ “ọkọ” yàtọ̀ sí “ọkọ̀”. Ẹ má jẹ́ kí iléèwé kankan kó irin ṣóńṣó dànù. Kò jẹ dátà, kò nílò iná.