Ta Ló Pín Owó Opó Náà?

Lọ́dún 2006, opó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, yá £34,000 láti fi san àwọn gbèsè kan kí ó sì tún ilé rẹ̀ ṣe. Wọ́n ta inṣọ́ránsì mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní PPI: bí àìsàn tàbí àìríṣẹ́ bá dé, inṣọ́ránsì á bá a san gbèsè. £5,780 ni owó rẹ̀. Kì í ṣe dandan. Obìnrin yìí kò ní ọmọ tàbí ẹbí tó ń bọ́, ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì ti ní ètò fún àìsàn. Ọdún mẹ́wàá ni yóò fi san ẹ̀yáwó náà. Ọdún márùn-ún péré ni inṣọ́ránsì náà wà fún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agídí òṣìṣẹ́ báǹkì ló jẹ́ kí irú ọjà yìí ṣòroó jáwọ́ nínú rẹ̀. Èmi ò gbà. Inú ìṣirò ló wà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kó gbogbo owó inṣọ́ránsì náà lé orí ẹ̀yáwó, tí èlé sì ń gorí méjèèjì. Bí ẹ bá ní ẹ ò ṣe mọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, inṣọ́ránsì á dópin, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi rà á ti di gbèsè yín. Èyí tí wọ́n máa ń dá padà kì í tó ti oṣù tó ṣẹ́kù. Ta ni yóò wá yọ ara rẹ̀ lẹ́nu?

Ẹjọ́ opó yìí ló tú àṣírí ibi tí owó ń lọ. Nínú £5,780 yẹn, £1,870 bọ́ sápò alágbàtà, £2,280 bọ́ sápò ilé iṣẹ́ tó yá a lówó. £1,630 péré ló dé ọ̀dọ̀ oní-inṣọ́ránsì gan-an! Wọ́n sọ fún un pé kọmíṣọ́ọ̀nù wà. Wọn ò sọ iye rẹ̀. Alájọ tiwa náà ń gba owó iṣẹ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ṣùgbọ́n ìyá alátà tòmátì ti mọ̀ kó tó dá owó àkọ́kọ́.

Àjọ Citizens Advice ti pariwo ọjà yìí láti ọdún 2005. Àwọn báǹkì gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n má baà tún ẹ̀sùn àwọn oníbàárà yẹ̀ wò, wọ́n sì fìdí rẹmi lọ́dún 2011. Lọ́dún 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ìrẹ́jẹ ni bí wọ́n ṣe fi iye kọmíṣọ́ọ̀nù opó náà pa mọ́. Nígbà tí àkókò ẹ̀sùn yóò fi parí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2019, owó tí wọ́n san padà fún àwọn ènìyàn ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù £36.

Ẹ̀yáwó báǹkì ní Nàìjíríà náà ń bá inṣọ́ránsì rìn. Lọ́dún tó kọjá, mo bi òṣìṣẹ́ báǹkì kan léèrè iye tó jẹ́ tiwọn nínú èyí tó gbé síwájú mi. Ó ní, “Mà, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ná.”