E-Rate

E-Rate jẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ó ń bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ìkàwé san lára owó íntánẹ́ẹ̀tì àti ìbánisọ̀rọ̀. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 1996 ni ó bí i. Àjọ FCC sì gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1997.

Owó orí kọ́ ni wọ́n ń ná sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni òfin ní kí ó máa dá owó sínú àpò kan, àwọn náà a sì máa gbà á padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn. Ẹni tí ó ń san owó tẹlifóònù ni ó ń ru ẹrù náà gan-an.

Ẹ̀dínwó náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 20 títí dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú tọ́ sí ni wọ́n fi ń mọ bí àdúgbò ṣe tálákà tó. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò san ìyókù.

Láti ọdún 2000, ẹni tí ó bá fẹ́ owó íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dínà àwòrán ìṣekúṣe. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìkàwé pe ẹjọ́ pé èyí tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n wọ́n pàdánù ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 2003. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà dá ẹjọ́ mìíràn tí ó lè tú àpò owó náà ká: adájọ́ 6 ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, 3 kọ̀.