Ìbátan Tí Ẹnìkan Kì í Jẹ

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni mo mú wá lónìí, èyí tí ẹlòmíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá.

Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn kan ń pa ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà. Ewé á kọ́kọ́ ní àmì onígun-igun, bí ẹni pé omi rin ín. Lẹ́yìn náà á rọ, oje á máa sun lára igi, orí igi á sì gbẹ wálẹ̀. Nígbà tí ó dé oko bàbá mi ní apá Lálúpọn, ọ̀dá ni àwọn àgbà pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀dá wo ló ń jà nígbà òjò? Bakitéríà ni, kòkòrò tí ojú lásán kò rí. Òjò ń ta á láti ewé dé ewé. Láti oko dé oko ńkọ́? Àwa náà ni, nínú igi ẹ̀gẹ́ tí à ń gé fún ara wa láti gbìn.

Igi kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá. Báwo ló ṣe ń jà? Ihò tíntìntín wà lára ewé tí ó fi ń mí, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Bí igi bá fura, họ́mónù kan á ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Òmíràn, salicylic acid, tó jẹ́ ìbátan oògùn aspirin, á ta àwọn jíìnì jí kí wọ́n ro ohun ìjà. Àrokò inú igi ni họ́mónù. Jíìnì ni ìmọ̀ àjogúnbá tó mọ ohun tí àrokò ń wí. Ṣùgbọ́n olè náà gbọ́n. Ní 2014, àwọn onímọ̀ fi hàn pé bakitéríà yìí ń fi àrokò èké ránṣẹ́ sí jíìnì ẹ̀gẹ́ kan, jíìnì náà á sì ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà. Ẹ̀gẹ́ wá ń bọ́ ẹni tó ń pa á!

Ta ló wá gbà á? Láàárín 1930 sí 1940, ní Amani ní Tanganyika, Storey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ láti Brazil, igi rọ́bà kan tí ẹnìkan kì í jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Àrùn mìíràn, èyí tó ń ká ewé kò, ni wọ́n ń bá jà. Irúgbìn àdàlù náà dé Moor Plantation, Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1950. Ọ̀kan nínú wọn ni 58308.

Ní 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ Korea, dé IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lọ́nà Mọ́níyà. Ó mú 58308, ó fi bí àwọn ẹ̀gẹ́ tuntun, bí TMS 30572. Wọ́n rí i pé èyí tó bá borí àrùn ewé kíká sábà máa ń le sí ti bakitéríà náà. Kì í ṣe jíìnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ kékeré ló pawọ́ pọ̀. Kí ọdún 1980 tó dé, ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí ti ń wọ oko àgbẹ̀. Ní 1983, wọ́n fi Hahn jẹ Séríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè.

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí. Ẹ̀gẹ́ àtijọ́ ní orúkọ tó ń sọ̀rọ̀. Isunikankiyan ni wọ́n kọ ọ̀kan sínú ìwé láìfi àmì sí i. Etí tèmi ń gbọ́ nínú rẹ̀ pé iṣu nìkan kọ́ là ń gún níyán. Òǹkà ni orúkọ àwọn tuntun. Láti Akinyẹle dé Ọ̀nà-Àrà, àwọn ọmọ wa ń fa ti àtijọ́ tu pé kò so púpọ̀ mọ́. Àbí ta ló mọ̀ pé igi tí a kì í jẹ ni yóò gba èyí tí à ń jẹ sílẹ̀?

Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ilé: kí wọ́n má gé igi gbígbìn lára ẹ̀gẹ́ tó ń sun oje, kí wọ́n sì fi ebè díẹ̀ létí oko sílẹ̀ fún ti bàbá wọn. Tèmi ṣì wà ní Lálúpọn, ebè mẹ́fà péré.